Èsì wa sí oníbàárà tó ní gọ́ọ̀mù wa ba gíláàsì dáńfó ìṣeré tí ọmọ òun ń tò jẹ́

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. A rí ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ. A dúpẹ́ pé ẹ rajà lọ́dọ̀ wa.

Ìràwọ̀ kan péré lẹ fún wa. Ẹ ní gọ́ọ̀mù wa sọ gíláàsì mọ́tò di funfun, ẹ ní ọ̀dà yẹ́lò wa dà bí omi lásán, ẹ ní mọ́tò náà kéré, ẹ sì wá pè wá ní gbájúẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rajà tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu tiwa náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, ni ẹ̀gbọ́n pè wá. Wọ́n fẹ́ kíìtì Volkswagen, ìyẹn àwọn ègé pílásítíìkì inú páálí tí ọmọ wọn máa tò di mọ́tò kékeré, tó sì máa kùn ní dáńfó Èkó láàárín ọlidé. Ọmọbìnrin tó ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù ló gbé fóònù. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé lọ́dọ̀ wa, òun náà sì máa ń to mọ́tò. Ó sọ fún wọn pé 1/24 ni, ó sì là á yé wọn: T3 gidi, irú bọ́ọ̀sì Volkswagen tí kíìtì náà jẹ́, èyí tí àwọn ará Jámánì gbé jáde ní 1979, gùn tó mítà 4.57. Ẹ pín in sọ́nà 24, sẹ̀ǹtímítà 19 ni. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín, pé bó ṣe máa gùn tó nìyẹn. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó dé lóòótọ́. Ọjọ́bọ̀ la dá, Sátidé ló dé Ìbàdàn. Ẹ̀bi wa nìyẹn, ẹ má bínú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n, gọ́ọ̀mù tí a fi sínú ẹrù yín, ìgò kékeré tó ní búrọ́ọ̀ṣì lára ìdérí, kì í ṣiṣẹ́ bíi gọ́ọ̀mù yòókù. Ńṣe ló máa ń yọ́ ojú pílásítíìkì méjèèjì díẹ̀, tí wọ́n á wọnú ara wọn. Tó bá fi máa gbẹ, wọ́n ti di ọ̀kan. Tó bá ta sí gíláàsì, ojú ibi tó ta sí ló máa bàjẹ́. Kò lè bo gbogbo rẹ̀ bí ìkùukùu. Súpà gúlù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ń gbẹ, èéfín rẹ̀ á dìde, á bà lé pílásítíìkì tó mọ́ gaara, á wá funfun bí eruku ọyẹ́ lójú gíláàsì ọkọ̀. Bí ẹ bá tún dé mọ́tò náà mọ́ inú páálí kó lè gbẹ, ó burú nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ wo fọ́tò kejì tí ẹ gbé síbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, túùbù súpà gúlù wà níbẹ̀, wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀. Ìgò tiwa wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi dí ìdérí rẹ̀ kò tíì ya. A sì kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nínú páálí pé gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ gíláàsì.

Yẹ́lò ńkọ́? Yẹ́lò kì í bo nǹkan bíi dúdú, ti ilé iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Pílásítíìkì yín ní àwọ̀ eérú, ẹ wá kun yẹ́lò lé e lórí tààrà. Ọ̀dà funfun tí a fi ṣe ènì fún yín ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí yẹ́lò tó bọ́ sí i, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìlà dúdú méjèèjì ló ń gbẹ̀yìn, pẹ̀lú téèpù bébà létí rẹ̀ kó lè gún. Dáńfó mọ́kànlá ni mo ti kùn, kò sí èyí tí mi ò fi funfun bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ọmọ náà pàdánù mọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi tútpéèsì díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ra gíláàsì yẹn jẹ́jẹ́, ó lè ṣí. Bí kò bá ṣí, mo ní irú kíìtì yẹn nílé, ti ara mi. Màá yọ gíláàsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú ọ̀dà funfun mìíràn, èmi ni màá san owó ọkọ̀. Bí ẹ bá wá sí Èkó kí wọ́n tó wọlé ìwé, ẹ mú un wá lọ́jọ́ Sátidé kan, a ó jọ kùn ún, lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 10, ọmọ náà fi fóònù yín fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ṣé funfun ló máa ṣáájú bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí dádì òun ní yẹ́lò ni. A dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé funfun ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tò ó.