Àwọn ọmọ Èkìtì fúnra wọn ló kọ́kọ́ mú ìgbàgbọ́ wálé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìpàtẹ lórí ìtàn ìgbàgbọ́ ní Èkìtì, ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé òyìnbó ló gbé ìgbàgbọ́ wọ Èkìtì, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Kí Dallimore, òyìnbó ajíhìnrere, tó dé Adó ní 1913, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí wọ́n sì gba òmìnira, ti ń gbé Bíbélì bọ̀ wálé. Ṣé Adó ti gbàgbé Babamuboni, ọ̀kan nínú wọn, ni? A ò lè kóyán Dallimore kéré o, òun ló dá ilé-ìwé Christ's School sílẹ̀ ní 1933. Ṣùgbọ́n bí fọ́tò rẹ̀ bá gba gbogbo ògiri níbi ìpàtẹ yẹn, níbo lẹ fẹ́ gbé ti àwọn ọmọ wa wọ̀nyẹn kọ́?

Ẹni tó ní kí ṣọ́ọ̀ṣì máa ti ìwé ìrìbọmi àtijọ́ mọ́ inú àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Inú àpótí náà ni ikán ti jẹ ti ìjọ tiwa. Nínú ewé díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni mo ti rí orúkọ ìyá bàbá mi, yíǹkì ti ṣá, wọ́n kọ iṣẹ́ ìyá tó bí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: amọ̀kòkò. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí nílé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ewé tó kù, kí ẹ pàtẹ rẹ̀, kí ará Ìkéré àti Ìjerò náà lè wá wá àwọn ìyá wọn níbẹ̀.