Fíríìjì kò mọ ojúlówó òróró ólífì

Màmá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbé ìgò òróró ólífì padà fún ọmọbìnrin tó tà á fún wọn ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn gbé e sínú fíríìjì mọ́jú, kò dì, ayédèrú nìyẹn. Ọmọ ọlọ́mọ dá owó padà, ojú tì í láàárín èrò. Inú bí mi gidi. "Ojúlówó a máa dì" yìí ti sú mi í gbọ́.

Kí ló ń dì ní Òṣogbo nígbà ọyẹ́? Ṣebí òróró kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n yọ lára epo ọ̀pẹ ni, èyí tí a fi ń dín àkàrà. Kò tilẹ̀ dúró de fíríìjì. Oko ọ̀pẹ bàbá mi wà lọ́nà Ìkìrun, àwa la ń fún epo wa fúnra wa. Láti kékeré ni mo ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì sínú oòrùn láàárọ̀ ọyẹ́ kí epo tó lè ṣàn. Irú ọ̀rá tó máa ń tètè dì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú epo pupa. Nínú ólífì, kò ju bí ìdá 14 nínú 100 lọ. Ẹni tó bá wá bu òróró kẹ́ẹ̀gì lu ólífì, tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dì! Ẹ ò rí i pé olè gan-an ni ìdánwò yín ń dá láre?

Mo dán an wò nílé. Mo bu ólífì tí ẹ̀gbọ́n mi gbé bọ̀ láti Spéìn sínú ife kan, mo bu àdàlù rẹ̀ àti òróró kẹ́ẹ̀gì sínú èkejì. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, àdàlù ti le gbagidi. Ólífì kàn ṣú díẹ̀ ni, ó ṣì ń ṣàn. Àwọn onímọ̀ ólífì ní Yunifásítì California, Davis, náà kó oríṣi òróró méje sínú fíríìjì, ojúlówó, òróró mìíràn àti àdàlù. Lẹ́yìn wákàtí 60, kò sí ẹyọ kan tó dì.

Ólífì mìíràn máa ń dì lóòótọ́, nítorí ẹ̀yà igi àti bí wọ́n ṣe sẹ́ ẹ yàtọ̀ síra. Epo tiwa náà ńkọ́? Ti ilé kan á dì, ti ilé kejì á máa ṣàn, epo ni méjèèjì.

Wọ́n ní pásítọ̀ ló sọ ọ́, wọ́n ní inú fídíò ni àwọn ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́.

Ó dáa, mo gbà pé kò sí ohun tí a lè ṣe nílé tó lè tú àṣírí àdàlù tán, àfi yàrá àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n "extra virgin", ìyẹn ólífì tí wọ́n kàn fún lára èso láìfọ̀ ọ́ ní iléeṣẹ́, máa ń korò díẹ̀ tó bá ṣì jẹ́ tuntun, á sì ta ọ̀fun. Èyí tí wọ́n ti fọ̀ kì í ta, bẹ́ẹ̀ ólífì náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọmọ náà, mo ra ìgò yẹn gan-an. Mo bu ṣíbí kan mu. Ó ta mí lọ́fun títí mo fi wúkọ́.