Èsì wa sí àlejò ìgbéyàwó tó ní kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe ní Ìdànrè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí wa. Ẹ ṣeun tí ẹ dé sí ilé àlejò wa ní Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà ìgbéyàwó, ẹ sì ṣeun tí ẹ ráyè kọ̀wé. Ìràwọ̀ mẹ́ta lẹ fún wa. Ẹ ní yàrá mọ́, ọbẹ̀ wa dùn, àmọ́ pé tí èèyàn bá ti kúrò lóde ìgbéyàwó, kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe ní Ìdànrè. Pé lẹ́yìn ìdána ní ọ̀sán Sátidé, ẹ gbìyànjú láti gun òkè, ẹ ò sì dé ìdajì tí ẹ fi padà. Èyí tí ẹ sọ nípa ìlú wa ló ká mi lára jù, torí àwọn àlejò ìgbéyàwó mìíràn á kà á kí wọ́n tó di ẹrù wọn, wọn á sì gbà pé kò sí nǹkan níbí lóòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀sán Sátidé ò ṣe é gun òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní 600, oòrùn ọ̀sán á sì ti mú àpáta gbóná. Ẹni tó ti jókòó ti alága láti òwúrọ̀, tó ti jó, tó ti jẹ ìrẹsì, tó wá fi sálúbàtà òde bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, kò sí bí kò ṣe ní rẹ̀ ẹ́. Ètò ìdána tí wọ́n bá sì kọ aago mẹ́wàá sí, ẹ má retí pé yóò parí ṣáájú aago méjì.

Ohun tí mo máa ń bẹ gbogbo àlejò ìgbéyàwó ni pé kí wọ́n wọlé ní Ọjọ́bọ̀. Ní òwúrọ̀ Ẹtì, kí ẹ ti wà ní ẹsẹ̀ òkè bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ mú kéèṣì dání fún owó ìwọlé, kí ẹ wọ bàtà kánfáàsì, kí oníkálùkù gbé omi tirẹ̀. Ibi ìsinmi wà lójú àtẹ̀gùn. Ẹ jókòó níbẹ̀ dáadáa, ẹ má sáré. Kí ẹ sì gba ẹni tó máa mú yín rìn, torí pé tí àtẹ̀gùn bá ti tán, àárín àpáta lẹ ó máa rìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú ni mo pè é o. Òkè yẹn làwọn baba ńlá wa gbé fún ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní nǹkan bí 1923. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀. Kóòtù wà níbẹ̀, ilé agogo náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Wọ́n á fi ipasẹ̀ Agbóògùn hàn yín lára àpáta, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà mu, àfi ti àjẹ́. Láti 2007 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́, ti kọ orúkọ òkè náà mọ́ àwọn ibi tí wọ́n lè sọ di ogún àgbáyé. Ibojì àti ojúbọ wà lókè náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ìyàwó tí ẹ wá bá yọ̀, ibẹ̀ ni ìdílé rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ wá. Mo gbà pé ẹni tó bá ti rí ibẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì á gbọ́ oríkì tí wọ́n ń kì ní ọjọ́ Sátidé yékéyéké.

Nígbà òjò, àpáta máa ń yọ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ sún un síwájú. Nígbà ọyẹ́, àpáta á gbẹ, àmọ́ kùrukùru lè bo ìsàlẹ̀ mọ́ yín lójú. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó má fi tagbára ṣe é. Kó wọ mọ́tò láti Òdòdé lọ sí Aládé, Ìdànrè náà ni méjèèjì, àpáta tó ga ju ilé lọ ló máa yí i ká. Tó bá jẹ́ ìgbà kòkó, á rí i níbi tí wọ́n ti ń sá a.

Ẹ jẹ iyán lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Lálẹ́ Ẹtì, ẹ wá àsun jẹ; àwa ará Oǹdó la ni ín, èyí tí wọ́n ń tà ní Èkó ò tó o. Ẹni tó bá gbàgbé gèlè tàbí ìlẹ̀kẹ̀, kó tètè lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kò jìnnà. Ìkọ̀gòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, dára púpọ̀, àmọ́ ẹni tó máa sùn di ọjọ́ Ajé nìkan ni mo lè ní kó lọ lẹ́yìn ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Bí wọ́n bá pè yín fún ìkómọ, tí Ọlọ́run bá ṣe é, ẹ pè wá ṣáájú, kí ẹ sì wọlé ní ọjọ́ méjì ṣáájú òde. Alásè wa á di mọ́ínmọ́ín àti omi fún yín láàárọ̀, èmi fúnra mi á sì bá yín wá ẹni tó mọ òkè dáadáa tó máa mú yín gùn ún.