Kí N Rà Á, Kí N Dúró, Ìyà Ni!

Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rọ géèmù tuntun tún ń bọ̀, oorun ò sì kun ojú mi mọ́. Ṣé kí n rà á lọ́jọ́ tó bá jáde ni, àbí kí n dúró? Ibi yòówù tí mo bá kọjú sí, wọ́n ti mú pàṣán dúró dè mí níbẹ̀.

Èyí tí mo ní nílé, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo rà á. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣàn, ó ní kí n ní sùúrù, òun ń gba àtúnṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dúró dòru. Ọdún ò tíì yí po tí páàdì rẹ̀ fi yíwèrè: mo gbọ́wọ́ kúrò, ẹni inú géèmù ń dá rìn lọ sápá òsì bí ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́yìnkùlé.

Èmi nìkan kọ́. Àwọn tó sáré ra Xbox 360 ní 2005, iná pupa tó ń sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ló tàn sí wọn lójú. Ó burú débi pé ní 2007, Microsoft ya owó tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ti Nintendo 3DS ló ń bí mi nínú jù: ó dé Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta 2011 ní nǹkan bíi dọ́là 250, nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, ó ti já sí 170. Wọ́n wá bu géèmù 20 ti ayé àtijọ́ fún àwọn tó ti kówó dà sí i, kí wọ́n má sunkún mọ́. Ẹ wo ìpẹ̀!

Ará iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi náà gbọ́n. Mo ní ẹ̀rọ tí ò bá tíì lo ọdún méjì lórí àtẹ, mi ò rà á. Owó á ti wálẹ̀, àbùkù á ti dínkù.

Irọ́ ni! PlayStation 5 jáde ní oṣù kọkànlá 2020. Ẹni tó ń kánjú ò rí i rà, àwọn alárọ̀bọ̀ olójúkòkòrò ti fi róbọ́ọ̀tì kọ̀ǹpútà, ètò tó ń dá rajà kíákíá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbá a lọ, wọ́n ń tà á ní ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó ṣe sùúrù ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ 2025, Sony fi dọ́là 50 lé iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tó ń lọ sí ọdún márùn-ún! Aṣọ tó ti gbó, ṣé a máa ń fowó lé e ni? Sùúrù tí a ní ó jẹ́ baba ìwà, wọ́n ti bu owó orí lé e.

Ti Switch 2, ẹ̀rọ Nintendo, tún yàtọ̀. Káàdì inú páálí àwọn géèmù rẹ̀ kan ò ní géèmù nínú, kọ́kọ́rọ́ lásán ni. Dátà ara rẹ lo máa fi lọ gba géèmù náà wálẹ̀. Ìkarahun láìní ìgbín!

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má rà á rárá. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti sọ, géèmù ejò orí fóònù tó wọn.

Láàárọ̀ yìí, mo fi ẹ̀rọ náà sínú apẹ̀rẹ̀ ìrajà lẹ́ẹ̀mẹrin, mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún, wọ́n ní ó ti tán.