Àtúnṣe: Greenland kò tóbi tó ilẹ̀ Áfíríkà
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri pé àwòrán ayé inú fóònù fi hàn pé Greenland, erékùṣù ńlá kan ní àríwá ayé, tóbi tó ilẹ̀ Áfíríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀: Áfíríkà fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 14 Greenland. Ìlànà ìyàwòrán tí Mercator, ayàwòrán ayé kan, gbé kalẹ̀ ní 1569 fún àwọn atukọ̀, tó sì wúlò fún wọn gan-an, ló fa àṣìṣe yìí, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó ni àwòrán náà ń fẹ̀ ẹ́ lójú tó. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè ṣí QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀, kí ó yan ìlànà Equal Earth, tí kì í yí ìtóbi ilẹ̀ padà, kí ó sì fi méjèèjì wéra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.