Gbọ̀ngàn Eré Etíkun Kì Í Ṣe ti Àlejò Nìkan

Ní ọ̀pọ̀ ìlú etíkun, ìgbà tí àlejò bá ń wọ́ wá ni gbọ̀ngàn eré máa ń lajú. Iná á tàn, tíkẹ́ẹ̀tì á tà, òṣèré á ti ìlú ńlá dé. Bí àlejò bá ti lọ tán, àgádágodo ni. Àwọn ọmọ onílé á máa gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sílé ẹ̀kọ́, wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí ìgbìmọ̀ ìlú kankan má ṣe náwó kọ́ gbọ̀ngàn eré tàbí tún un ṣe, àfi bí owó olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ìlú níṣẹ́ eré bá wà nínú ìwé ìnáwó kan náà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ wo Provincetown, ìlú apẹja ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà. Ní 1915, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan sọ ilé ẹja tó wà lórí èbúté ibẹ̀ di ilé eré. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣe eré Eugene O'Neill níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ rí. Eré atukọ̀ kan tó ń kú lọ nínú ọkọ̀ ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kùrukùru bo èbúté, òkun kún, omi ń lu abẹ́ pákó, ó ń ta gba inú ihò wọlé. Ní 1936, O'Neill gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀. Ilé ẹja ni o, kì í ṣe ààfin.

Ní Scarborough, ìlú etíkun l'England, yàrá kan nínú ilé ìkàwé ìlú ni Stephen Joseph, olùdarí eré, fi bẹ̀rẹ̀ ilé eré ní 1955, tí òǹwòran jókòó yí òṣèré ká. Alan Ayckbourn, tó padà di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé eré, dé ibẹ̀ ní 1957, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé, ó sì ń ṣeré. Ọ̀gá rẹ̀ ló ki í láyà pé kó kọ eré. Láti 1972 di 2009, òun ló darí ilé eré náà. Ẹni tí ilé kọ́ ló di òpó ilé.

Ẹ̀kọ́ tí à ń wí kò mọ sí ijó àti orin. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ kiri. Ó ń jẹ irin, ó ń mú ojú wáyà dípẹtà, iná ìtàgé olówó gọbọi á sì kú láìtọ́jọ́. Bí kò bá sí ọmọ ìlú tó lè tú iná náà, kó nù ún, kó tún un tò, ìlú ńlá ni a ó máa ránṣẹ́ sí títí àpò á fi gbẹ. Àwọn onítàgé sì máa ń sọ pé ọwọ́ atukọ̀ ìgbòkun ni iṣẹ́ okùn tí a fi ń fa aṣọ ìkélé ti wá. Wọ́n ní ìdí tí a kì í fi í súfèé lórí ìtàgé nìyẹn: súfèé ni atukọ̀ fi ń pàṣẹ fún ara wọn, ẹni tó bá sú u lè já ẹrù lé ara rẹ̀ lórí. Ọmọ apẹja tó mọ bí a ṣe ń ta kókó okùn ti mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà kó tó wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn. Ọmọ tí ìgbì òkun ń pariwo létí rẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ bí a ṣe ń kígbe. Olùkọ́ ni yóò fi ọwọ́ lé e níkùn, tí yóò ní kó mí wá láti ibẹ̀, títí ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ á fi dé etí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. A ti rí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì tí èyí tú ahọ́n rẹ̀.

Àwọn kan á ní odi tí yóò dá òkun dúró ló kàn, kì í ṣe eré. A kò bá wọn jà. Òkun kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ṣùgbọ́n ilé tó wà ní títì fún ìdajì ọdún ń jẹ owó lọ́wọ́ báyìí, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí iṣẹ́ tó kàn, kí wọ́n wo ìwé náà dáadáa: ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè tí òjò ń rọ̀, tí àlejò kankan kò sí nílùú? Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n dá ìwé náà padà.