Ẹ má gbé táyà tó fẹ̀ síwájú MR2

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Gáà Akáńbí, wọ́n ń bá mi lẹ táyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa Toyota MR2 pupa dé, ọkọ̀ eré kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín. Irú ọkọ̀ yẹn kò wọ́pọ̀ ní Ìlọrin, gbogbo wa la dìde lọ wò ó. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, pé iwájú rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ òun, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun gbé táyà ẹ̀yìn tó fẹ̀ wá síwájú, kí ti iwájú sì bọ́ sẹ́yìn.

Fọkanáísà ò tíì fèsì tí Àlàájì kan tó ń dúró de mọ́tò tiwọn fi dá a lóhùn: "Ọmọ mi, o gbọ́n. Iwájú ni ẹ̀mí wà. Táyà tó bá dára jù, tó bá fẹ̀ jù, iwájú ni kó o fi sí. Ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni."

Ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e! Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní Táíwò, ní Ọ̀fà Gàréèjì, lẹ́nu mẹkáníìkì, lẹ́nu dírẹ́bà, lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín, ọ̀rọ̀ tó lè pa ènìyàn ni.

Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì àárín kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti wọ Toyota Previa àtijọ́ rí, èyí tó rí roboto bí ẹyin, ti wọ̀ ọ́: abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. MR2 ló wá yàtọ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì àti gíá rẹ̀ sí. Bí ẹ bá pín ìwúwo ọkọ̀ náà sí mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́rin péré ni táyà iwájú ń gbé. Mẹ́fà tó kù, ọrùn táyà ẹ̀yìn ló wà. Camry tí gbogbo wa mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, iwájú ni tiẹ̀ ti wúwo. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: ohun tí ènìyàn fi Camry kọ́ ló fẹ́ fi tọ́jú MR2.

Ẹ wo ọfà. Irin wà lórí rẹ̀, ìyẹ́ wà ní ìdí rẹ̀. Bí ọdẹ bá ta á, orí tó wúwo ló ń ṣáájú, ìyẹ́ ìdí ló ń mú kó lọ tààrà. Ẹ já ìyẹ́ yẹn kúrò ní ìdí, kí ẹ so ó mọ́ orí, kí ẹ wá ta á wò. Yóò yí po lójú afẹ́fẹ́ ni. Táyà ẹ̀yìn ni ìyẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ fúyẹ́ tí ìdí rẹ̀ wúwo ti ń wá bí yóò ṣe fi ìdí ṣáájú tẹ́lẹ̀, ìyẹ́ tó fẹ̀ ní ìdí ló ń dá a dúró. Ìyẹ́ náà ni ọmọkùnrin yìí fẹ́ tú.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, ìwúwo rẹ̀ fẹ́ máa lọ gbọọrọ, táyà ló ń fà á wọlé. Ibi tí ìwúwo bá pọ̀ sí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ni pé bí ẹ bá di ẹrù ìlọ́po méjì lé táyà, agbára tó fi ń di ilẹ̀ mú kì í di ìlọ́po méjì, yóò kù díẹ̀ káàtó. Nítorí náà, táyà tó ń gbé púpọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju èyí tó ń gbé díẹ̀ lọ, kí agbára àwọn méjèèjì lè tán nígbà kan náà, tàbí kí ti iwájú tètè tán díẹ̀.

Mo mọ̀ pé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, iwájú ló yẹ kó kọ́kọ́ yọ̀. Bí iwájú bá yọ̀, ọkọ̀ yóò máa sún sí ìta kọ́nà, ẹ̀rù yóò ba awakọ̀, yóò ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tùlù. Eré yóò dín kù, ìwúwo yóò bọ́ síwájú, táyà iwájú yóò tún rí ilẹ̀ dì mú. Ohun tí ìbẹ̀rù mú un ṣe náà ló gbà á là. Bí ẹ̀yìn bá wá lọ kọ́kọ́ yọ̀ ńkọ́? Awakọ̀ yóò ṣe ohun kan náà, yóò ká ẹsẹ̀ kúrò. Ìwúwo yóò bọ́ síwájú, ẹ̀yìn tó ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò tún fúyẹ́ sí i, ìdí ọkọ̀ yóò sì gbá yí ká. Lórí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì àárín, yíyí náà yá ju ti ọkọ̀ yòókù lọ, torí àárín ni ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí. Ẹni tó di korobá omi méjì mú, tó na apá méjèèjì jáde, kò lè tètè yí ara padà. Ẹni tó gbá a mọ́ àyà yóò yí padà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Bí MR2 ṣe rí nìyẹn. Kò sí àyè pé ẹ ó fi sítíárì bá a wí.

Ṣé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀? Nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo ní, ìtàn MR2 fúnra rẹ̀ ló lágbára jù. Nígbà tí Toyota gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ jáde ní 1989, táyà 195/60R14 ló wà níwájú, 205/60R14 ló wà lẹ́yìn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ni ìbú táyà ní mìlímítà. Ẹ̀yìn fi 10 ju iwájú lọ. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi gba orúkọ burúkú káàkiri ayé pé ìdí rẹ̀ máa ń gbá yí láìròtẹ́lẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe sí ti ọdún 1993? Wọ́n gbé rímù rẹ̀ kúrò ní ìnṣì 14 lọ sí 15, wọ́n fi 195/55R15 síwájú, 225/50R15 sẹ́yìn.

Ẹ tún un kà. Iwájú wà ní 195 bó ṣe wà, wọn ò fi mìlímítà kan kún un. Ẹ̀yìn kúrò ní 205, ó di 225. Ọkọ̀ ń yí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ẹ̀yìn ni wọ́n mú gbòòrò. Bó bá jẹ́ pé iwájú ni ẹ̀mí wà, ṣé Toyota ò ní mọ̀?

Mo gbà pé wọ́n tún àwọn ohun tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró ṣe lọ́dún yẹn náà, táyà nìkan kọ́ ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Mo sì gbà pé MR2 àkọ́kọ́ ti 1984 lo 185/60R14 sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Honda NSX ti 1990: 205 níwájú, 225 lẹ́yìn. Lotus Elise ti 1996: 185 níwájú, 205 lẹ́yìn. Porsche Boxster tó jáde lọ́dún kan náà: 205 níwájú, 225 lẹ́yìn. MR2 ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti 1999: 185 níwájú, 205 lẹ́yìn. Ilẹ̀ Japan, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Jámánì, àwọn tí wọn kì í bára wọn jẹun lọ́jà, ibi kan náà ni gbogbo wọn forí lé.

Èmi fúnra mi ti fara gbá a. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wa MR2 ti 1991, tòkunbọ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbé e fún fọkanáísà kan láàárín ìlú kó bá mi lẹ táyà, mo lọ kírun. Nígbà tí mo dé, ó ti gbé ti ẹ̀yìn síwájú. "Ọ̀gá, mo ti fi èyí tó fẹ̀ síwájú fún yín o." Mo dúpẹ́, mo tún fi owó kún owó iṣẹ́ rẹ̀, torí èmi náà gbà gbọ́ nígbà náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ mò ń lọ sí Ọ̀fà. Mo ti kọjá Gánmọ, mo ti kọjá Ìdófìàn, mo ń sún mọ́ Àjàṣẹ́-Ìpo, òjò wínníwínní ń rọ̀. Eré mi kò tó 80. Mo wọ kọ́nà kan, mo rí iná bíréèkì tírélà níwájú, mo ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tùlù. N ò tíì tẹ bíréèkì o. Ẹsẹ̀ ni mo ká. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, inú koríko ni mo wà, Ìlọrin tí mo ti ń bọ̀ ni mo kọjú sí. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ nígbà náà, n ò ní wà láyé kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo jókòó sínú mọ́tò náà fún bí ìdajì wákàtí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

N ò fi mọ síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, èmi àti àbúrò mi gba ọgbà ilé-ẹrù kan tó ṣófo, tí wọ́n da kọnkéré sí. A fi táyà àlòkù to òbìrípo kan, láti àárín dé etí rẹ̀ jẹ́ mítà 20. Bí fọkanáísà yẹn ṣe to táyà la kọ́kọ́ lò. Mo ń yí po, mo ń fi eré kún un díẹ̀díẹ̀, bó bá ti tó nǹkan bíi 45 màá ká ẹsẹ̀ kúrò lójijì. Ìgbà márùn-ún la ṣe é, ìgbà mẹ́ta ni ìdí ọkọ̀ gbá yí ká pátápátá. A wá gbé jáàkì, a dá táyà padà sí àyè rẹ̀, a tún ṣe é nígbà márùn-ún. Kò yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iwájú ló ń sún jáde díẹ̀, tó sì ń padà wálé. Ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà, ilẹ̀ kan náà, ọ̀sán kan náà.

Wọ́n á ní iwájú ni sítíárì wà, iwájú ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ bíréèkì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sítíárì kò wúlò fún ẹni tí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Wọ́n á ní táyà iwájú tó bá bẹ́ léwu. Ti ẹ̀yìn tó bá bẹ́ náà léwu, ó tilẹ̀ le jù ú lọ láti dá dúró. N ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ MR2 nìkan ni. Bí ẹ bá ra táyà tuntun méjì fún Corolla tàbí Camry, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí àwọn tó ṣì dára lára ti tẹ́lẹ̀ wà níwájú. Michelin àti àwọn ilé-iṣẹ́ táyà ńlá yòókù ti ń sọ èyí fún àwọn oníbàárà wọn tipẹ́. Táyà tó ti jẹ kò lè ti omi òjò kúrò lábẹ́ ara rẹ̀ bíi tuntun, yóò léfòó. Kí iwájú léfòó, ẹ óò mọ̀ lọ́wọ́ yín. Kí ẹ̀yìn léfòó, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń yí lẹ ó mọ̀.

Àwọn àgbà wa tilẹ̀ mọ nǹkan kan nínú èyí. Ìjàpá Volkswagen ni bàbá mi ń wa nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀fà, ìdí ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń fẹ́ táyà ni wọ́n máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ dáadáa. Ohun tí ìwé ọkọ̀ náà wí nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, Chevrolet Corvair tí wọ́n gbé jáde fún ọdún 1960, tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà wà ní ìdí, afẹ́fẹ́ PSI 15 ni wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ síwájú, 26 sẹ́yìn. Àwọn tó bá fẹ́ ẹ dọ́gba ló ń rí ìjàngbọ̀n. Táyà ẹ̀yìn tó le dáadáa, táyà ẹ̀yìn tó fẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Mo sọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ fún ọmọkùnrin yẹn. Ó gbọ́, ó wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ gidi: "Ẹ̀gbọ́n, iwájú tó fúyẹ́ yìí wá ńkọ́?" Mo ní kí fọkanáísà fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ iwájú. Ó lé ní 40, ó sì ju èyí tí wọ́n kọ sára lébẹ́ẹ̀lì ẹnu ilẹ̀kùn lọ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà: 0814. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà náà ti gan bí igi. Ìbú rẹ̀ kò ní ẹ̀bi kankan, ọjọ́ orí àti afẹ́fẹ́ ló ń bá a jà. A dín afẹ́fẹ́ kù, 225 dúró sẹ́yìn níbi tó wà, ó sì ní òun yóò ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìparí oṣù ní ìwọ̀n tó wà lára ilẹ̀kùn. Mo ní títí di ìgbà náà, kó má sáré nínú òjò.

Àlàájì kò gbà. Wọ́n ní àwọn ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní kí fọkanáísà fi táyà tuntun méjì tí wọ́n rà síwájú Corolla wọn, wọ́n sanwó, wọ́n kí wa pé ó dàbọ̀. Bí wọ́n ṣe ń yà sí títì ni mo wo táyà ẹ̀yìn wọn. Méjèèjì ti jẹ dán.